Áàpù ayánilówó ń dójú ti ìyàwó àbúrò mi nítorí ₦20,000. Kí ni òfin sọ sí i?

Àkànní Yemẹtu

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá rò, mo bá ní kí n gbé e wá síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ òfin wà láàárín yín.

Ìyàwó àbúrò mi ń yan ẹja tà ní Ọjà'ba. Lóṣù tó kọjá, ara ọmọ rẹ̀ kékeré ò yá, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sì sówó nílẹ̀. Ló bá yá owó lórí áàpù kan. ₦20,000 ló béèrè, àmọ́ ₦15,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n ti yọ ₦5,000 ṣáájú, wọ́n ní owó iṣẹ́ ni. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún un láti dá ₦20,000 padà. Nígbà tí ọjọ́ pé tí owó ò pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé owó ìtanràn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ní ó ti di ₦31,000.

Kì í ṣe gbèsè yẹn gan-an ló gbé mi débí. Wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí tíṣà ọmọ rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọ, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, pé ọlọ́pàá ń wá a. Èyí tó wá burú jù ni pé ó dé ọwọ́ ìyá tó ń fún un ní ẹja tútù láwìn. Ẹ mọ bí ọjà wa ṣe rí: wàá gbé páálí ẹja láàárọ̀, wàá yan án, wàá tà á, ìrọ̀lẹ́ lo máa san owó rẹ̀. Ìyá yẹn ò bá a jà o. Ó kàn sọ fún un ni pé láti ìsinsìnyí lọ, kó máa mú owó lọ́wọ́ kó tó gbé ẹja. Ibẹ̀ ni ọjà ti dúró. Níbo ló ti fẹ́ rí owó odindi páálí?

Ṣé òfin gbà wọ́n láyè láti ṣe báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Tóyìn Mọ́kọ́lá

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ara ọmọ ńkọ́ báyìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù yẹn. Mesééjì ni o, fọ́tò ni o, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè, ọjọ́ àti aago, ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì bẹ tíṣà àti àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n fi èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ìtìjú ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pa á rẹ́ kíákíá, ẹ̀rí á sì bá a lọ.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá áàpù náà wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ wà lórí fccpc.gov.ng.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ màá sọ tèmi. Ẹni tó bá yáwó, kó san án. Ìrẹsì ni mò ń tà, àwìn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi nílé. Oníbàárà á bẹ̀ ẹ́, á gbé kóńgò márùn-ún, tó bá délé tán kò ní gba ìpè mọ́. Bí òfin bá ń gbèjà onígbèsè ṣáá, ta ló fẹ́ gbèjà ẹni tó lówó? Ìkà ni àwọn áàpù yẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú un yá a ni?

Ìyá Ẹlẹ́pà Òjé

Àìsàn ọmọ ló fipá mú un, ọmọ mi. Bí o bá ti gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná dání lóru rí, o ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kó má san. Àwa tí a ń jókòó lọ́jà kórìíra gbèsè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn tó ń yá wa lówó mọ ibi tí wọ́n ti ń mú wa. Áàpù kọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ bi àwọn obìnrin Òjé àti Bẹẹrẹ léèrè nípa gbọ́múlélántà, àwọn tó ń yá obìnrin lówó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Wọ́n á kó ẹ̀yin obìnrin mẹ́wàá jọ, ẹ óò ṣe onídùúró fún ara yín. Bí ẹnì kan ò bá rí ti ọ̀sẹ̀ yẹn san, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin yòókù lọ sílé, ẹ óò jókòó títí tí owó fi máa pé. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ti di ọ̀tá lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Ojú mi báyìí ló ṣe o: wọ́n wọ ilé obìnrin kan tó ń lọ ata ládùúgbò wa, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló fi ń rí owó san gbèsè wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé e tán, wọ́n tún ń bi í léèrè ìgbà tó máa san ìyókù.

Bàrísítà Òkè-Bọ́là

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín látòkè. Ìyá wa ti sọ ojú abẹ níkòó. Gbèsè wà lọ́tọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sìn ín wà lọ́tọ̀. Èèyàn lè jẹ gbèsè lóòótọ́, kí ẹni tó yá a lówó sì tún jẹ̀bi òfin nítorí ìwà tó hù láti gbà á.

Òfin tó dá FCCPC sílẹ̀, ti ọdún 2018, sọ ọ́ ní abala 124 pé oníṣòwò tàbí aṣojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ fi ipá, ìhalẹ̀, ìyọlẹ́nu tàbí ẹ̀tàn bá ẹnikẹ́ni lò. Kì í ṣe ìgbà tó ń tajà nìkan ni òfin yẹn dè é. Ó dè é nígbà tó bá ń sin owó, ó sì dè é nígbà tó bá ń gba ẹrù padà. Nítorí náà, ẹ̀rọ ata tí Ìyá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn wà lábẹ́ abala yìí. Abala 127 sì wà fún àdéhùn tó bá ti nira ju bó ṣe yẹ lọ. Owó ìtanràn tó ń gorí ara wọn lójoojúmọ́ lórí ₦20,000, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ti áàpù pàápàá, FCCPC kọ́kọ́ gbé ìlànà fúngbà díẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n gbé òfin tó múlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ jáde. Ayánilówó orí fóònù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ti owó sínú àkáǹtì ẹni tí kò tọrọ ẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà yọ àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u lè san ìtanràn tó tó ₦100 mílíọ̀nù tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó pa lọ́dún, wọ́n sì lè dá àwọn olùdarí rẹ̀ dúró fún ọdún márùn-ún. Google pẹ̀lú ti fòfin de àwọn áàpù ayánilówó láti máa wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù, láti ọdún 2023. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé báyìí, wọ́n á fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp pé kí o tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi ìyàwó yín bóyá líǹkì ló tẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti ọdún 2023, tíṣà yẹn fúnra rẹ̀ lè fẹjọ́ sùn. Ìyá ẹlẹ́ja náà lè fẹjọ́ sùn. Wọn ò yá kọ́bọ̀, wọn ò sì fọwọ́ sí i pé kí áàpù kankan gba nọ́ńbà wọn. Ẹjọ́ tí àwọn tí kò jẹ gbèsè bá mú wá máa ń lágbára gan-an, torí ayánilówó ò ní lè dáhùn pé "ẹ̀ bá ti san owó wa."

Àkànní Yemẹtu

Ọlọ́run á bù kún yín, Bàrísítà. Líǹkì ló tẹ̀ lóòótọ́. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ọlọ́jà. A ti wo orúkọ áàpù náà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Àdùnní Apẹ̀tẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kan. Àwọn tó yá aládùúgbò wa lówó mú ọlọ́pàá wá. Wọn ò bá a nílé, wọ́n bá mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ, wọ́n ní tí ẹ̀gbọ́n bá dé kó wá gbà á. Ó sun àtìmọ́lé mọ́jú. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàrísítà Òkè-Bọ́là

Rárá, Àdùnní. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Iṣẹ́ kóòtù nìyẹn. Mímú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn tún burú jù ú lọ, òfin kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ mú un. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "gbèsè," kí wọ́n kọ orúkọ ọlọ́pàá náà àti nọ́ńbà àyà rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ kí á sọ tinú tẹ̀yìn o. Ẹni tó fún èèyàn ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú, tàbí tó parọ́ láti gba owó, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba. Gbèsè ọlọ́jà tí ọjà ò yá fún kì í ṣe irú ẹ̀.

Ràṣídì Ìwó Road

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Micra ni mò ń wà, Ìwó Road sí Ọ̀jọ́ọ̀. Háyà pọ́ọ̀ṣì ni mo gbà á, mò ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa di tèmi. ₦2,700,000 la jọ sọ, mo sì ti san ₦1,900,000. Éńjìnnì nọ́ọ̀kì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, mo sì pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ níbi tí mo ti ń tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jí, mi ò bá mọ́tò níwájú ilé. Onímọ́tò ti fi kọ́kọ́rọ́ kejì wà á lọ lóru. Mo pè é, ó ní mo ti já àdéhùn, pé owó tí mo ti san ti di owó iṣẹ́ tí mo fi mọ́tò òun ṣe. Owó tí mo fi tún éńjìnnì ṣe ńkọ́? Kò dá mi lóhùn. Kò sí ìwé kankan láàárín wa, ó kàn ní òun gbẹ́kẹ̀ lé mi ni.

Bàrísítà Òkè-Bọ́là

Ràṣídì, farabalẹ̀ ka èyí, kí o sì fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní gáréèjì, torí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ní Ìbàdàn ju ti áàpù lọ.

Òfin háyà pọ́ọ̀ṣì wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1965, ó sì kan gbogbo mọ́tò, iye yòówù kó jẹ́. Òfin yẹn sọ pé tí ẹni tó gba mọ́tò bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó náà, onímọ́tò ò lè dá gba mọ́tò rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ mọ́, àfi kó gba kóòtù lọ. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ₦2,700,000 jẹ́ ₦1,620,000. Ìwọ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá gbà á lẹ́yìn ìgbà náà láìgba kóòtù, àdéhùn náà parí, ìwọ ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó tí o ti san padà.

Ibì kan wà tí o gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí. Bí ìgbà tó yẹ kí o san owó tí o ò san bá ti tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin gbà á láyè láti gbé mọ́tò náà lọ síbi tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, kó má bàa bàjẹ́, nígbà tí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwọ pa jẹ; bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lo ń san, kò tíì tó mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ̀rí ọjọ́ tí o san àti ọjọ́ tí o ò san ló máa gbè ọ́.

Ní ti ìwé, òun ló yẹ kí àìsí ìwé dẹ́rù bà, kì í ṣe ìwọ. Òfin ní kí àdéhùn háyà pọ́ọ̀ṣì wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ iye tí ọjà náà ì bá jẹ́ ká ní owó ọwọ́ ni síbẹ̀. Onímọ́tò tí kò ṣe é kò rí ẹsẹ̀ dúró dáadáa ní kóòtù. Ṣé owó ọwọ́ lo fi ń san án, àbí o ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀?

Ràṣídì Ìwó Road

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi owó ọwọ́ san. Lẹ́yìn ìyẹn, POS ni mo fi ń ránṣẹ́. Mesééjì ìdúpẹ́ tiẹ̀ pọ̀ lórí fóònù mi: "mo ti rí i, Ọlọ́run á pèsè."

Bàrísítà Òkè-Bọ́là

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má pa ọ̀kankan rẹ́.

Ọmọ Bódìjà

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀. Ti Ràṣídì yìí bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹni tó san ₦1,900,000 kì í ṣe ajẹgbèsè. Ìbéèrè mi ni pé àwọn tí wọ́n ti lu ní jìbìtì kí wọ́n tó lọ yáwó ńkọ́? Ẹ rántí CBEX, ìdókòwò orí ayélujára tó gbé owó àwọn èèyàn mì, ní Òkè-Àdó ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì ibẹ̀ tí wọ́n ń gbé àga àti tábìlì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ sórí áàpù lónìí, irú ṣógúndogójì bẹ́ẹ̀ ló gba owó ọjà wọn.

Tóyìn Mọ́kọ́lá

Òótọ́ ni. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2025 sọ pé ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, ó sì lè san ìtanràn tí kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù. Owó tó ti lọ ni kò rọrùn láti rí gbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé yín mọ̀ pé báńkì tó bá ní ìwé àṣẹ ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí a fi sí báńkì, ń dúró fún: tí báńkì ńlá bá wó, ó máa dá owó padà títí dé ₦5 mílíọ̀nù, ti báńkì kéékèèké sì dé ₦2 mílíọ̀nù. Owó àjọ tí ẹ dá fún alájọ kò sí lábẹ́ ẹ̀. Alájọ tó dáa wà o, ìyá mi gan-an fi àjọ tọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n tó bá sá lọ, kò sí àjọ ìjọba tó máa san án.

Ìyá Ẹlẹ́pà Òjé

Òfin yín dùn-ún gbọ́. Mo ti wà lọ́jà láti ìgbà tí mo ti ń pọn ọmọ, kò sẹ́ni tó wá ka ọ̀kankan nínú ẹ̀ fún wa rí. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yá wa lówó, Yorùbá tó dùn ni wọ́n ń sọ, wọ́n á pè wá ní ìyá wọn. Tí ìwé bá dé, òyìnbó ni látòkè délẹ̀, wọ́n á ní "ìyá, ẹ tẹ̀ka síbí." Kí ni òfin sọ sí ìyẹn?

Bàrísítà Òkè-Bọ́là

Ìyá wa, ẹ ti kan ibi tó ń dun èmi náà jù. Abala 114 nínú òfin ọdún 2018 ní kí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ fún oníbàárà jẹ́ ohun tí irú ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún lè kà kó sì yé e. Bí ọjà bá jẹ́ ti obìnrin Òjé, òye obìnrin Òjé ni a ó fi wọ̀n ọ́. Òfin ìpínlẹ̀ wa náà wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé yẹn. "Ẹ tẹ̀ka síbí" yẹn kò tó rárá.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ìjọba ṣe ni pé kí wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ayánilówó ka iye tó máa wọ ọwọ́, iye tí a máa dá padà, àti ìtanràn rẹ̀, sókè lédè Yorùbá, kí ẹni tó ń yá a tó tẹ ohunkóhun. Kí wọ́n sì fòfin de yíyọ owó ṣáájú. Ẹni tí ₦15,000 wọ ọwọ́ rẹ̀, ₦15,000 ló yá. Kò yẹ kí a máa ṣírò èlé lórí owó tí kò fojú kàn. Rédíò Yorùbá sì pọ̀ ní ìlú yìí débi pé kò sí àwíjàre fún àjọ kankan pé kò sí bí òun ṣe lè dé ọ̀dọ̀ yín.

Àkànní Yemẹtu

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. A ti fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC lórí ayélujára, pẹ̀lú àwòrán gbogbo mesééjì. Tíṣà ọmọ náà ti kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ sí àjọ ààbò ìsọfúnni, mi ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Bàrísítà gbà wá nímọ̀ràn pé ká má fi ẹjọ́ ṣe ìdí tí a ò fi ní san, torí náà a ti fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé à ń bá wọn jiyàn lórí ìyókù. Wọ́n ṣì ń pè.

Èmi àti àbúrò mi lọ rí ìyá ẹlẹ́ja. Mo ka ohun tí òfin sọ fún un. Ó ní òun ò tiẹ̀ gbà pé olè ni, pé ohun tó ba òun lẹ́rù ni ọlọ́pàá tí wọ́n dárúkọ. Ó ti gbà láti máa fún un ní ìdajì páálí ná.

Àdùnní Apẹ̀tẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàrísítà, ẹni tí kò lówó lọ́yà ńkọ́? Aládùúgbò wa ń bẹ̀rù owó tí ẹ máa ní kó mú wá.

Bàrísítà Òkè-Bọ́là

Kó lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn ni láti ran ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ lọ lọ́wọ́. ₦70,000 ni láti ọdún 2024. Fún ìwọ náà, Ràṣídì: mú ìwé ìsanwó POS, àkọsílẹ̀ àkáǹtì láti báńkì, àti ìwé tí mẹ̀káníìkì fún ọ lórí éńjìnnì. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ kan bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ ₦2,700,000, mú òun náà dání.

Ràṣídì Ìwó Road

Ẹ ṣeun sà. Alága gáréèjì wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ti ní òun máa bá mi lọ. Ọjọ́ Ajé là ń lọ.